Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn pé èmi náà wà lára àwọn tó tẹ "Against"

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìfaradà owó bébà tó ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, àbúrò mi tó wà nílé ló máa ń ya ojú ìwé yín ní fótò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, torí náà tí mo bá ń dáhùn ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ má bínú.

Lẹ́tà kan wà tẹ́ ẹ gbé jáde, ẹni tó kọ ọ́ bú àwa tá a wà ní Amẹ́ríkà dáadáa. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ní káwọn ará Houston fọwọ́ sí owó tí wọ́n máa fi tún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe, wọ́n sì kọ̀, ó wá ń bi wá pé irú èèyàn wo ló ń kọ owó ilé ẹ̀kọ́, pé ká ní nílé ni wọ́n ti gbé irú ẹ̀ wá ni, ìlù ni wọn ì bá lù, gbogbo àdúgbò ì bá jó. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, torí èmi gan-an wà lára àwọn tó kọ̀ yẹn, tó tẹ "Against", ìyẹn rárá, lórí ìwé ìdìbò, mo sì ti ń rò ó látìgbà náà bóyá ohun tí mo ṣe dáa.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń jẹ́ bọ́ǹdì ná. Níbí, Washington kọ́ ló ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò, gómìnà náà kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wà lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní school district, ó ní ààlà tiẹ̀, ó ní ìgbìmọ̀ tiẹ̀ tí aráàlú máa ń dìbò yàn, apá tó sì pọ̀ nínú owó tó ń ná, inú owó orí ilé ló ti ń wá, ìyẹn property tax tó ń jẹ́ kí oorun dá lójú gbogbo wa tá a ra ilé síbí. Ní Texas owó orí yẹn pín sí méjì. Ìkan ni wọ́n fi ń sanwó oṣù tíṣà, owó iná, epo bọ́ọ̀sì. Ìkejì, gbèsè nìkan ni wọ́n lè fi san. Tí òrùlé bá ti jò tàbí tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gbó débi pé àfi kí wọ́n wó o, owó ọdún kan ò lè ká a, wọ́n á yá owó lọ́wọ́ àwọn olówó tó ń dókòwò, wọ́n á máa fi ogún ọdún, nígbà míì ọgbọ̀n ọdún, san án padà pẹ̀lú èlé. Ìwé gbèsè yẹn ni bọ́ǹdì. Wọn ò sì lè yá a láìbi àwa tá a máa san án, òun ló ṣe di ìbò.

Ìyá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ní òun ò ní dìbò fún un láé torí wọn ò fi kún owó tíṣà, mo ní Mọ́mì, tíṣà ò lè rí kọ́bọ̀ gbà nínú bọ́ǹdì fún owó oṣù, òfin ò gbà á, ilé àti ohun èlò ni wọ́n ń fi ṣe. Wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n ṣì tẹ Against. Ohun míì tọ́pọ̀ èèyàn wa ò mọ̀ ni pé apá àkọ́kọ́ nínú owó orí yẹn, ìjọba Texas lè gbà nínú ẹ̀ lọ́wọ́ district tí ilé ibẹ̀ gbówó lórí kí wọ́n fi ran àwọn ibòmíì lọ́wọ́, Robin Hood ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n apá tí wọ́n fi ń san bọ́ǹdì, ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn án, àdúgbò tó yá a ló ni ín. Àwọn olówó náà kì í fòyà láti yá wọn, torí ìpínlẹ̀ Texas ní àpò owó ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti wà láti 1854, $2 mílíọ̀nù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òun ló máa ń ṣe onídùúró fún gbèsè àwọn district, ìyẹn ń jẹ́ kí èlé ẹ̀ dínkù.

Ó yá, Houston. Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọjọ́ kan náà tí wọ́n dìbò ààrẹ, ni Houston ISD, ìyẹn school district ìlú wa, béèrè fún $4.4 bílíọ̀nù. Kò tíì sí district kankan ní Texas tó béèrè irú iye bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n pín in sí ìbò méjì, Prop A jẹ́ $3.96 bílíọ̀nù fún ilé kíkọ́ àti àtúnṣe, Prop B jẹ́ $440 mílíọ̀nù fún kọ̀ǹpútà àti nǹkan bẹ́ẹ̀. $2.05 bílíọ̀nù ni wọ́n ní àwọn máa fi tún àwọn ilé ẹ̀kọ́ kọ́, $1.35 bílíọ̀nù fún AC, fún ètò ààbò àti láti yọ òjé kúrò nínú omi táwọn ọmọ ń mu, èyí tó kù fún àwọn ọmọ kéékèèké tí ò tíì wọ kíláàsì àkọ́kọ́, fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti kọ̀ǹpútà yẹn. Ìgbà tí Houston fọwọ́ sí bọ́ǹdì ilé ẹ̀kọ́ kẹ́yìn, 2012 ni, $1.89 bílíọ̀nù. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ kíndágátìn lọ́dún yẹn ti jáde háísùkúù lọ́dún 2025. Kí n má parọ́, kò sẹ́ni tó ń gbé Houston yìí tó lè jiyàn pé àwọn ilé yẹn ò nílò ẹ̀. Ẹ wá gbé ìlú yìí nínú oṣù kẹjọ tí ọmọ wọlé ẹ̀kọ́, tí oòrùn dé 38 lórí òṣùwọ̀n tiwa nílé, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé AC jẹ́ fàájì.

Síbẹ̀ náà, bí ẹni 58 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní rárá. Prop A ṣubú, Prop B ṣubú. Ẹgbẹ́ òṣèlú Republican àti Democrat ní kọ́ńtì wa yìí ló jọ tako ó, ẹ̀yin ará ilé, ẹ fojú inú wò ó kí APC àti PDP jọ máa kọrin kan náà lórí pèpéle kan náà nígbà tí ìbò ku ọ̀la. Ẹgbẹ́ àwọn tíṣà náà tako ó. Kí ló dé?

Ohun tó dé ni pé àwọn tó ń béèrè owó, àwa kọ́ la yàn wọ́n. Nínú oṣù kẹfà 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ gba Houston ISD lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tá a dìbò yàn. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 ló fún wọn láṣẹ, torí ilé ẹ̀kọ́ kan, Wheatley High School, ti gba máàkì tí ò dáa lọ́dún tó pọ̀ tẹ̀léra. Wọ́n fi èèyàn mẹ́sàn-án tí wọ́n yàn fúnra wọn rọ́pò ìgbìmọ̀, wọ́n sì gbé ọ̀gá àgbà tuntun wá, Mike Miles, tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Dallas tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin yẹn wọlé bí ẹni tó ní bọ́ọ̀sì ń dúró de òun. Ó ti ilé ìkàwé pa ní ilé ẹ̀kọ́ tó pọ̀, ó sọ òmíì nínú wọn di ibi tí wọ́n ń kó ọmọ tó bá ń dàrú kíláàsì lọ, tíṣà kó ẹrù wọn, pírínsípà kó tiwọn. Kí n sọ òótọ́ fún un náà o, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba D àti F dínkù gan-an lábẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ti bí àwọn òbí kọjá kí máàkì tù ú. "No trust, no bond" ni wọ́n kọ sára pátákó káàkiri, pé tí ò bá sí ìgbẹ́kẹ̀lé, kò sí bọ́ǹdì.

Ẹ jẹ́ n fi àjọ ṣàlàyé ẹ̀. Alájọ tẹ́ ẹ yàn fúnra yín, tẹ́ ẹ mọlé ẹ̀, tẹ́ ẹ mọ ìyá ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ kó tó sanwó, wọ́n lé e lọ, wọ́n gbé ẹlòmíì wá, wọ́n ní ẹ ò lè yọ ọ́, ẹ ò sì lè bi í ní nǹkan kan, kò wá tíì pé ọdún kan ààbọ̀ tó débẹ̀ tó ní kẹ́ ẹ wá dá àjọ tó tóbi jù látìgbà tí wọ́n ti bí yín. Bórí ẹ̀ tiẹ̀ pé ju ti alájọ Ṣómólú lọ, ẹ ò ní fún un.

Ọ̀rọ̀ orí ìwé ìdìbò náà tún wá dá kún un. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wí pé owó orí wa ò ní lọ sókè. Ó dáa. Mo débẹ̀, mo yí ìwé ìdìbò yẹn títí, àwọn adájọ́ tí mi ò mọ̀ rí pọ̀ bí eéṣú, ìgbà tí mo máa fi dé ìsàlẹ̀ ojú ti ń ro mí, ni mo wá rí i ní lẹ́tà gàdàgbà: THIS IS A PROPERTY TAX INCREASE, pé àfikún owó orí ilé nìyí. Mo ní háà. Ta ló ń parọ́? Lẹ́yìn ìbò ni mo tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó parọ́ tán pátápátá. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019 ló ní dandan ni kí ọ̀rọ̀ yẹn wà lórí gbogbo bọ́ǹdì ilé ẹ̀kọ́ ní Texas, owó ẹ̀ ì báà lọ sókè kó má lọ sókè. Àwọn district náà ní gbèsè àtijọ́ ń parí lọ, pé tuntun ló máa bọ́ sípò ẹ̀. Bí ẹni tó san gbèsè mọ́tò tán tó tún lọ mú òmíì ni, iye tó ń san lóṣooṣù ò yí padà, àmọ́ ẹ ò lè sọ pé kò tún jẹ gbèsè, ká ní kò mú mọ́tò tuntun ni, owó yẹn ì bá wà lápò ẹ̀.

Bí mo ṣe tẹ Against méjèèjì nìyẹn. Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni, ó tẹ For méjèèjì. Nínú mọ́tò nígbà tá à ń bọ̀ nílé ló ti bi mí léèrè, mo ní mo fẹ́ kí Miles mọ̀ pé inú ń bí wa, ó ní "ṣé Miles ló ń mu omi òjé?" Mi ò rí èsì. Mo tan rédíò.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi padà sílé. Ọmọ Iléṣà ni mí, òṣómàáló ni bàbá bàbá mi, aṣọ ni wọ́n ń gbé ká oko kiri láwìn, tó bá di ọjọ́ owó wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde àfi tó bá san. Bàbá mi máa ń sọ fún wa pé ìgbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n dá owó lé aráàlú lórí lọ́dún 1953, ṣílè mẹ́wàá àti sísì, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo sọ! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣògo lónìí, àwọn bàbá yín gan-an ló fi ìbò lu Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, lórí owó yẹn. Nínú ìbò àpapọ̀ 1954, NCNC, ẹgbẹ́ tó ń bá wọn du ipò, gba ìjókòó 23 ní ìwọ̀-oòrùn, Action Group gba 18, nílé ara wọn. Iléṣà tiwa kúkú ti NCNC lẹ́yìn, bàbá bàbá mi wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 ilé ẹ̀kọ́ ṣí, àwọn ọmọ tó wà ní pírámárì fò láti bíi 457,000 lọ́dún tó ṣáájú sí ohun tó lé ní 811,000. Nígbà tó fi máa di ìbò agbègbè 1956, Action Group gba 48 nínú ọgọ́rin. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọlé ẹ̀kọ́ lọ́dún 1955 yẹn. Ká ní owó yẹn dúró sọ́wọ́ bàbá tiwọn tó dìbò tako ó ni, bóyá aṣọ ni bàbá mi ì bá máa kiri títí tó fi kú, èmi náà ò bá má sí ní Houston tí mò ń kọ lẹ́tà.

Torí náà ọ̀gbẹ́ni tó bú wa, jíjó kọ́ ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé irú ẹ̀ wá sílé. Ìyàtọ̀ kan ṣá wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kó bọ́ sọ́nù. Awólọ́wọ̀, ìbò ló gbé e wọlé, wọ́n bínú sí i wọ́n fi ìbò nà án, ó rí ẹgba náà, ó ṣe iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n tún fi ìbò dá a padà. Ní Houston, ẹni tá à ń bínú sí ò sí lórí ìwé ìdìbò. A wá ẹ̀yìn ẹ̀ títí a ò rí i, la bá na bọ́ǹdì. Ó ṣì wà lórí àga ẹ̀ lẹ́yìn ìbò, kódà nínú oṣù kẹfà 2025 ìjọba ìpínlẹ̀ tún sún àsìkò náà síwájú di 2027. Ẹni tí ẹgba bà ni ọmọ tó jókòó nínú ilé tó gbó. Owó símẹ́ńtì ò sì dúró dè wá.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé kéèyàn kàn máa tẹ For bí ẹní ń ṣe àmín. Ẹ wo Fort Bend tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Missouri City, Sugar Land, ibẹ̀ làwọn Yorùbá tó lówó díẹ̀ kó lọ. Nínú oṣù karùn-ún 2023 wọ́n fọwọ́ sí $1.26 bílíọ̀nù, títí kan ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́, ìgbìmọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ló béèrè, ìgbẹ́kẹ̀lé wà. Ọdún kejì ni wọ́n jáde wá sọ pé ìṣirò àwọn iṣẹ́ kan kùnà, owó tí wọ́n máa nílò fi ohun tó lé ní $100 mílíọ̀nù ju èyí tí wọ́n sọ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbébẹ̀ ní òun ò tún ní dìbò fún nǹkan kan mọ́. Mo ní ìwọ náà ti ń gbọ́n bíi tèmi.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe ni kéèyàn fọwọ́ sí i kó wá lọ lóṣòó. Àbúrò mi obìnrin wà ní Kalifọ́níà, tọ́dọ̀ wọn yàtọ̀, òfin tí wọ́n dìbò fún lọ́dún 2000, Prop 39, ló mú un rọrùn kí bọ́ǹdì ilé ẹ̀kọ́ wọlé, ẹni 55 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó, tẹ́lẹ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ó di dandan kí district tó gba owó lọ́nà yẹn yan ìgbìmọ̀ aráàlú tí á máa yẹ ìwé owó wò, òṣìṣẹ́ district ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ẹni tó ń ta ọjà fún wọn ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Òṣómàáló gidi nìyẹn. Níbí, tí wọ́n bá tún gbé bọ́ǹdì wá, ohun tí mo fẹ́ rí lákọ̀ọ́kọ́ ni irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn tó máa wà níbẹ̀, kí n tó wo iye owó. Mo sì fẹ́ kí àwa Yorùbá wà níbẹ̀. A ní akáńtáǹtì tó kún inú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa fọ́fọ́, a ní ẹnjiníà, a ní kọngílá, ọdọọdún la máa ń gbowó lọ́wọ́ ara wa ra aṣọ ẹbí, àmọ́ ìpàdé district tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni, téèyàn lè débẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ìgbà méjì tí mo lọ, èmi nìkan ni mo rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì gba sítísẹ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò pé ẹ ń dìbò o, gíríìn káàdì tí ẹ ní lápò kì í ṣe ti ìbò, wọ́n lè dá èèyàn padà sílé lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń san owó orí, ẹni tó háyà ilé náà ń san án torí lándíléèdì ti ṣírò ẹ̀ mọ́ ọn, ẹ lè lọ sípàdé, ẹ lè béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní ilé tẹ́ ẹ ń gbé inú ẹ̀, ẹ lọ kọ fọ́ọ̀mù homestead tó ń dín owó orí ilé kù, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má dá ẹnikẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun bá yín kọ ọ́ lóhùn. Látìgbà ìbò oṣù kọkànlá 2025, $140,000 ni wọ́n ń yọ kúrò nínú iye ilé kí wọ́n tó ṣírò owó ilé ẹ̀kọ́. Ilé $300,000, $160,000 ló kù tí wọ́n máa ṣírò lé, tí bọ́ǹdì bá fi sẹ́ńtì kan kún un lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan, $16 lọ́dún ni. Owó súyà ẹ̀ẹ̀kan ní òpópónà Bissonnet níbí. Àwọn àgbà tó ti pé 65, tí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀, owó orí ilé ẹ̀kọ́ tiwọn ní òrùlé, bọ́ǹdì ò lè gbé e kọjá ibẹ̀ àfi tí wọ́n bá kọ́ kún ilé wọn. Ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa yẹn ti lé ní àádọ́rin, ilé wọn ni, tẹ́ ẹ bá rí bí wọ́n ṣe ń pariwo owó orí.

Kí n tó dákẹ́, ọ̀gbẹ́ni mi, ìbéèrè kan. Ìjọba Èkó yá bọ́ǹdì N137.3 bílíọ̀nù lọ́dún 2021. Ta ló wá bi yín ní Mushin tàbí Ìkòròdú? Tàbí owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, láti òfin 2004 ni Àbújá ti ń gbé owó kalẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ pírámárì àti JSS, tí ìpínlẹ̀ náà bá ṣáà ti lè gbé iye kan náà sílẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ tó pọ̀ ò gbé tiwọn sílẹ̀, owó jókòó. Ilé ẹ̀kọ́ pírámárì tí mo lọ nílé, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, atẹ́gùn ká páànù rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, àwọn òbí dá owó PTA lẹ́ẹ̀mejì, owó yẹn rìn wọgbó, a ka ìwé lábẹ́ igi máńgòrò títí mo fi jáde. Ìyẹn ló wà lọ́kàn mi gan-an lọ́jọ́ tí mo tẹ Against, tí mo bá fẹ́ sòótọ́, kì í ṣe Miles nìkan. Mo lé ní àádọ́ta ọdún, mo ṣì ń bínú sí ẹni tó kó owó páànù wa.

Ìyàwó mi ti ka lẹ́tà yìí. Ó ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ gàdàgbà pé For ni òun tẹ̀, méjèèjì. Mo ti kọ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ òṣómàáló kan ní Houston